Jésù Tiwa àti Jésù Tiwọn ní Abà Vardakis

Mọ́ńdè, 14 Máàṣì

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni. Èmi Thayne Oldroyd ni mo fa ìbejì àgùntàn jáde láàárọ̀ yìí, èkejì gbé ìdí ṣíwájú, okùn ìwọ́ ti wé e lọ́rùn, síbẹ̀ àwọn méjèèjì ti ń mu ọmú kí oòrùn tó yọ dáadáa. Bàbá Vardakis, tó ti ń ṣiṣẹ́ àgùntàn láti ìgbà tí bàbá mi ṣì ń tọ̀ sílé, dúró tì mí, kò rí nǹkan kan bú mi sí. Ó kàn ní orí ló bá mi ṣe é. Mo ní, "Orí náà kúkú wà lọ́rùn mi, Baba."

Bíṣọ́ọ̀bù Allred ló ní kí n máa kọ ìwé yìí. Táyà ló ń tà lọ́jọ́ iṣẹ́, ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù wa. Ó ní gbogbo ọmọ ìjọ wa, ìjọ Mọ́mọ́nì, ló yẹ kó máa kọ ìgbé ayé ẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ-ọmọ ẹ̀ lè rí i kà. Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, bàbá bàbá yín kúrò nílé ìwé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti pé ogún báyìí, kò sì tíì rí tíṣà tó lè kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Àgùntàn tó lé ní ẹgbẹ̀rin ló máa bímọ níbí kí Éépírì tó parí, èmi àti bàbá yìí nìkan la wà nídìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgùntàn ló gbé mi wá láti Huntington, ìlú wa. Irini ni, ọmọ ẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé ní ìlú Price, tó máa ń gbé oúnjẹ wá fún wa lọ́sàn-án. Mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tí bàbá mi bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá sọ pé rárá, o ò tún gbọdọ̀ dá a sílẹ̀ lójú mi mọ́."

Mo wá lọ bi bàbá ní tààrà. Ó wò mí láti bàtà dé fìlà. Ó ní Àjíǹde lòun máa fún mi lésì. Tiwọn o, ti ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì àwọn Gíríìkì, ọjọ́ kìíní oṣù Méè, kì í ṣe tiwa. Títí di ìgbà náà, òun á máa wò ó bóyá mo mọ ẹni tí Jésù jẹ́.

Mo ní ṣé ìyẹn náà nìyẹn. Màá ti yí i lọ́kàn padà kí Éépírì tó dé ìdajì. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ní kí n ri òun bọmi.

Wẹ́sìdé, 16 Máàṣì

Yìnyín. Ọmọ mọ́kànlá. Ọ̀kan kú. Mi ò mọ ìka ẹsẹ̀ mi mọ́.

Sátidé, 19 Máàṣì

Ààwẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí ò ní fẹnu kan ẹran, ẹyin tàbí wàrà títí di Àjíǹde, láàárín ọmú ẹgbẹ̀jọ, ẹ gbà mí. Mo ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní Price, mo dín in lórí sítóòfù ẹ̀, mo fi fìlà fẹ́ èéfín ẹ̀ sí i nímú. Ó ń jẹ ẹ̀wà kéékèèké àti búrẹ́dì gbígbẹ lọ. Nígbà tó jẹun tán, ó bi mí pé ta ni Jésù lọ́dọ̀ yín gan-an.

Ibi tí mò ń fẹ́ kó wá nìyẹn. Mo là á yé e. Bàbá, Ọmọ, Ẹ̀mí Mímọ́: ẹni mẹ́ta ni wọ́n, oníkálùkù dá dúró lára tiẹ̀. Ọkàn wọn ló ṣọ̀kan, wọn kì í ṣe ara kan náà. Bàbá ní ẹran ara àti egungun bíi tèmi yìí, Ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Mo gbá orúnkún mi pàà kó lè gbọ́ bí egungun ṣe ń dún.

"Ó ní irùngbọ̀n?"

"Ó ní in, Baba."

"Ìdodo ńkọ́?"

Mi ò tíì rò ó débẹ̀ rí. Mo ní ó ṣeé ṣe.

"Ta wá ni wọ́n gé ìwọ́ ẹ̀ lára ẹ̀?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀wà sì ń ta jáde lẹ́nu ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tó ní ìdodo, ẹni tó bí i ló yẹ ká lọ máa sìn. Lọ́dọ̀ tiwọn, Ọmọ àti Bàbá jẹ́ ọ̀kan náà gan-an, bí iná tí wọ́n tàn lára iná, tí èyí àkọ́kọ́ ò fi dín. Mẹ́talọ́kan. Kò sí ìgbà kan tí Ọmọ ò sí.

Mo ní kó dá mi lóhùn kan péré. Nígbà tí Jésù ń gbàdúrà nínú ọgbà tó ń làágùn ẹ̀jẹ̀, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ara ẹ̀? Nígbà tó wà nínú odò tí ohùn wá látòkè pé ọmọ òun nìyí, ṣé òun náà ló ń pa ohùn ara ẹ̀ dà?

Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn tó kàwé nìyẹn, kí n lọ kó ìgbẹ́ àgùntàn. Mo kó o. Ṣùgbọ́n mo kó o bí ẹni tó borí.

Túsìdé, 22 Máàṣì

Irini gbé ọbẹ̀ wá. Ó ní bàbá òun sọ pé mo mọ ọ̀rọ̀ í sọ bíi rédíò tí wọn ò lè pa. Mo ní ṣé ó wú u lórí. Ó ní, "Rédíò kì í wú mi lórí, Thayne. Èèyàn ni mo fẹ́ fẹ́."

Epo mọ́tò ti di dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án ní gálọ́ọ̀nù. Olè ni wọ́n.

Fúráídé, 25 Máàṣì

Ọmọ àgùntàn kan kú lánàá bí wọ́n ṣe bí i tán, ìyá ẹ̀ ń ké. Nínú àgò kejì, ìyá kan ti kú fi ọmọ sáyé, ìyẹn náà ń ké. Bàbá yọ ọ̀bẹ, ó bó awọ òkú ọmọ yẹn lódindi bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó gé ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, a wá fi wọ ọmọ òrukàn yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára ẹ̀. A tì í sábẹ́ ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀. Ó gbóòórùn ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́, ó sì jẹ́ kó mu ọmú. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọmú tiẹ̀ ti wà nínú ọmọ náà, a ó bọ́ awọ náà sọnù.

Bàbá nu ọ̀bẹ nù. Ó ní, "Wò ó dáadáa. Nǹkan tí wòlíì tó dá ìjọ yín sílẹ̀ ṣe nìyẹn. Ó bó awọ Jésù tiwa, ó fi wọ ẹlòmíì tí a ò mọ ibi tó ti wá, ó ní ká wá fún un lọ́mú."

Mo ní, "Ìyá ẹ̀ kúkú ti gbà á, Baba. Ẹ wò ó bó ṣe ń ju ìrù."

"Torí pé òpònú ni àgùntàn."

"Jésù fúnra ẹ̀ ló pè yín ní àgùntàn."

Ẹ̀rín pa á débi tó fi húkọ́, ó di òpó mú. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rín yẹn pé tí mo bá jẹ́ ọmọ òun, òun ì bá ti sọ mí sódò ní kékeré. Mo mọ̀ pé ó ti ń fẹ́ràn mi.

Sọ́ńdè, 27 Máàṣì

Mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Huntington. A jẹ búrẹ́dì, a mu omi. Bàbá Vardakis ti bi mí rí pé omi ni ẹ fi ń rántí ẹ̀jẹ̀, ṣé ẹ̀jẹ̀ Jésù tiyín ò ní àwọ̀ ni. Mo ń rántí ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ife kéékèèké náà kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ròyìn iṣẹ́ ìhìnrere mi fún Bíṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé yóò gbá mi lẹ́yìn. Ó ní kí n ṣọ́ra, pé kì í ṣe ìjàkadì ni, ẹni tó fi Jésù na èèyàn mọ́lẹ̀, ta ló máa gbé onítọ̀hún dìde. Màmá mi tiẹ̀ tún burú. Wọ́n ní tí mi ò bá lè mú ọmọ náà wọ tẹ́ńpìlì kí wọ́n so wá pọ̀ títí ayérayé, ìyàwó tí ikú máa gbà lọ́wọ́ mi ni mò ń wá, kí n lọ ra ajá.

Sọ́ńdè, 3 Éépírì

Àjíǹde tiwa. Mo tan rédíò inú mọ́tò, àwọn àgbà ìjọ wa ń wàásù láti Salt Lake. Mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ kí ohùn wọn lè wọ abà.

Mo wọlé lọ kí bàbá pé Jésù ti jí. Ó ní kò tíì jí níbí. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa ó ti ń rìn kiri láti àárọ̀. Ó ní, "Kó máa rìn lọ. Tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, màá bi í pé ta ló jí i kí àkókò tó tó."

Mo wá sọ ọ́ fún un pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà yìí gan-an ló wá lẹ́yìn tó jí, ó fi ihò ọwọ́ ẹ̀ han àwọn èèyàn, ó súre fún àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èyí tó kù tí Bíbélì tiwọn ò sọ, ìwé mímọ́ tiwa sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní bàbá òun wọkọ̀ ojú omi láti Kírétè wá, wọ́n ní kó lọ wa èédú nínú ihò, wọ́n ń pè é ní ẹlẹ́gbin, àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ irú tèmi, Mọ́mọ́nì. Ó ní, "Tí Jésù bá wá síbí lóòótọ́, bóyá ohun tó rí ló jẹ́ kó tètè padà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo fún un padà. Mo ní èèyàn tó ń fẹnu ko àwòrán Jésù tí wọ́n fi ọ̀dà yà sórí pátákó láràárọ̀, báwo ló ṣe máa dá Jésù ààyè mọ̀ tó bá pàdé ẹ̀ lọ́nà?

Sátidé, 9 Éépírì

Ìjì. Yìnyín tó ga dé orúnkún. Òrùlé apá ìlà oòrùn ká lọ. Ọmọ mẹ́rìnlá kú láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, mo tò wọ́n sẹ́yìn ògiri bí igi ìdáná. Mo gbé mẹ́fà wọlé, mo tò wọ́n síwájú sítóòfù, mo fi aṣọ ìnura Irini nù wọ́n, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Bàbá jókòó sórí koríko fún ìgbà pípẹ́, ó di apá òsì ẹ̀ mú. Ojú ẹ̀ dà bí eérú. Irini bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù. Ó ní igba àgùntàn ló kù tí ò tíì bímọ, ta lòun fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún, ọmọ tí Ọlọ́run ẹ̀ ní ìdodo yìí? Irini bọ́ síta. Mo tẹ̀lé e, mo ní kó má dá bàbá ẹ̀ lóhùn, igi gbígbẹ kì í tètè wó. Ó ní kí n jọ̀ọ́ pa ẹnu mi mọ́ fún ẹ̀ẹ̀kan péré láyé mi.

Wẹ́sìdé, 13 Éépírì

Àlùfáà wọn wá láti Price wá wo bàbá. Mo ní kó gbà mí nímọ̀ràn lórí ìgbéyàwó. Ó fẹ̀sọ̀ sọ ọ́. Ó ní òun ò lè dé èmi àti Irini ládé ìgbéyàwó níwájú pẹpẹ, torí pé lójú ìjọ àwọn, ìrìbọmi tí wọ́n ṣe fún mi kì í ṣe ìrìbọmi. Orúkọ kan náà la pè, Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn tí àwọn mọ̀ là ń pè.

Mo ní kó má bínú, tiwọn náà kì í ṣe ìrìbọmi lọ́dọ̀ wa. Àlùfáà ní òun mọ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́.

Bàbá ń gbọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ṣé o ti wá rí i? Gbígbẹ lo wà. O kàn wẹ̀ ni."

Túsìdé, 19 Éépírì

Oòrùn jáde. Koríko tuntun ń yọ. Ọmọ mẹ́rìndínlógún, òkú kankan ò sí.

Ọ̀rọ̀ lónìí ò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. À ń gé ìrù àwọn ọmọ, ó ní kí n sọ ibi tí Jésù ti ra èèyàn padà. Mo ní inú ọgbà ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, inú ọgbà yẹn ló ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé àti ìrora gbogbo èèyàn lé ara ẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde lára ẹ̀, ó sì parí ẹ̀ lórí igi. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí àgbélébùú lórí ilé ìsìn wa. Ẹni ààyè là ń wò. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, ikú ló fi tẹ ikú mọ́lẹ̀, tí kò bá kú, òfo ni gbogbo ẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n inú ọgbà yẹn dáa. Òun kì í rò ó tó.

Mo ní àwa gbà pé èèyàn náà lè dà bí Ọlọ́run lọ́jọ́ kan. Mo rò pé yóò bú mi. Ó ní àlùfáà tiwọn náà máa ń sọ ọ́, pé torí ẹ̀ ni Ọlọ́run fi di èèyàn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, ọmọ mi. Ẹ̀yin ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ga lẹ́nu iṣẹ́."

Ọmọ mi. Ó sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Mo ti ń wo ilé tí èmi àti Irini máa gbé.

Fúráídé, 22 Éépírì

Mo bà á jẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fà á.

Ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé Jésù jẹ́ ẹ̀gbọ́n wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ká tó dáyé, gbogbo wa jẹ́ ọmọ Bàbá nípa ẹ̀mí, òun ni àkọ́bí. Ó ní Sátánì ńkọ́? Mo ní ọmọ ilé kan náà ni, ó ṣọ̀tẹ̀, wọ́n lé e jáde.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ wá ni Sátánì."

"Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n lé nílé. Ta ni ò ní irú ẹ̀ nínú ẹbí, Baba?"

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òun ò lè fọmọ fún ilé tí Jésù àti Sátánì ti jọ ń jẹ nínú àwo kan. Ó ní ẹni tí wọ́n dá ló lè ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, Jésù kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n dá. Irini ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo rí i tó dáwọ́ dúró.

Nígbà yẹn ni mo wo àwòrán ìyàwó ẹ̀ tó ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó gbé kọ́ sábẹ́ àwòrán Jésù lórí ògiri. Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, wọn ì bá ti so yín pọ̀ títí ayé, ẹ ì bá tún padà jẹ́ tọkọtaya. Mo ní ṣùgbọ́n Jésù tiyín, ó kàn jẹ́ kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì parí. Mo mọ̀ pé yóò gún un. Torí pé yóò gún un ni mo ṣe sọ ọ́.

Ó bọ́ sí abà, ó ń bá àwọn àgùntàn sọ èdè Gíríìkì. Irini ní, "O mọ nǹkan púpọ̀ nípa Jésù. Ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, ṣé o ti bá a pàdé rí?"

Mọ́ńdè, 25 Éépírì

Ọjọ́ kẹta. Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló fi ń júwe iṣẹ́ fún mi. Òjò.

Tọ́sìdé, 28 Éépírì

Àgùntàn mọ́kànlélógún ló kù. Sọ́ńdè ni Àjíǹde wọn, Sọ́ńdè ni èsì mi. Mo ti ro ohun tí màá sọ tó bá ní rárá. Mo tún ti ro ohun tí màá sọ tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ló gùn jù.

Láàárọ̀ yìí bàbá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Fa omi wá." Ó tó mi.

Fúráídé, 29 Éépírì

Bàbá Vardakis kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ ikú Jésù ni lọ́dọ̀ tiwọn. Irini ti lọ sí Price láti bá àwọn obìnrin fi òdòdó ṣe ibojì Jésù lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí wọ́n máa gbé yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Bàbá ní òun á tẹ̀lé e tí òun bá fún àwọn àgùntàn lóúnjẹ tán. Ẹnu géètì àgò ló ṣubú sí. Mo sáré wọlé lọ pe ọkọ̀ ọsípítù, wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú, mo sáré padà. Ó ṣì ń mí. Ó di àyà ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Ó ní kí n bá òun sọ àdúrà kékeré tí wọ́n máa ń sọ: Jésù Olúwa, Ọmọ Ọlọ́run, ṣàánú mi.

Mo bá a sọ ọ́. Àwa méjèèjì jọ sọ ọ́ ni. Ó kú ní àlàáfíà.

Mo fún àwọn àgùntàn tó kù lóúnjẹ.

Sọ́ńdè, 1 Méè

Lẹ́yìn ìsìn Àjíǹde wọn, ilé kún. Àwọn obìnrin tó wọ dúdú, àwọn ọkùnrin tó ń wò mí bí ẹni wo mọ́tò tí ò ní nọ́ńbà. Irini dúró láàárín wọn, ojú ẹ̀ ti wú. Ó ní kí n sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, kí ni bàbá òun sọ kẹ́yìn?

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Mo ní ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà, mo bá a sọ ọ́ dópin, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìyá arúgbó kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Àlùfáà tó ní ìrìbọmi mi kì í ṣe ìrìbọmi dì mọ́ mi. Irini fi ẹyin pupa kan sí mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń fi kan ara wọn lọ́jọ́ Àjíǹde.

Túsìdé, 3 Méè

A sin ín. Afẹ́fẹ́ fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ sí wa lójú.

Irini ní kí n bá òun rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá mi ò jẹ́ bá ẹni tí wọn ò gbà gbàdúrà láéláé. O mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá fẹnu ara wọn ní kó o bá àwọn pe Jésù, tó o sì pè é, èsì wọn nìyẹn. Wọn ò dé Àjíǹde ṣùgbọ́n wọ́n fèsì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Thayne."

Ó ní ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tẹ́ńpìlì, a ó máa yanjú ẹ̀. Mo pe màmá mi lórí fóònù. Wọ́n sunkún ayọ̀.

Mo ti jagun mólú. Gbogbo ẹni tó ní mi ò lè fẹ́ Irini Vardakis, ẹ jáde wá.

Sátidé, 7 Méè

Àgùntàn ìkẹyìn bímọ ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Abo lọmọ ẹ̀, ó tóbi, ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lábà yìí lásìkò yìí, àwọn tó kú ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìjì yẹn ńkọ́ o, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá wọ́n ṣe é rí. Irini ní kí n dúró máa bójú tó abà náà. Ọmọ tó sá nílé ìwé ló wá ń ṣe ọ̀gá lórí ẹgbẹ̀rin àgùntàn. Mo gbọ́n, mo lágbára, mo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Gbogbo ohun tí mo ní màá ṣe, mo ṣe é.

Àyàfi ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Fúráídé yẹn. Irọ́ ni.

Bàbá di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú lóòótọ́, wọ́n sì sọ àdúrà náà lóòótọ́. Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí pé kí n gbà á. Mo ní, "Èwo nínú wọn, Baba? Tiwa àbí tiyín?" Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ṣì máa pẹ́ kí wọ́n tó kú, pé ọkọ̀ ń bọ̀, mo sì ti ká wọn mọ́ ibi tí mo fẹ́. Wọ́n tún sọ ọ́. Wọ́n ní, "Bá mi sọ ọ́, ọmọ mi." Mo ní tí wọ́n bá lè gbà pé àwa náà mọ Jésù, tí wọ́n bá lè fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀, màá sọ ọ́.

Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú àdúrà yẹn tí kì í ṣe tiwa. Olúwa là ń pè é. Ọmọ Ọlọ́run là ń pè é. Láti kékeré ni màmá mi ti kọ́ mi pé kí n ní kó ṣàánú mi. Ǹ bá ti sọ ọ́ tán kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà fún mi ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn ò jáde mọ́, ètè lásán ni. Wọ́n ṣì ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Mo ń gbọ́, Baba, ẹ sọ ọ́, ẹ ní mo jàre." Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí ọwọ́ wọn tú kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi.